Ẹ jẹ́ ká fi "ajẹ́rìíkú" sílẹ̀ bó ṣe wà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká yé pe àwọn Kìrìsìtẹ́nì àtijọ́ tí ìjọba Róòmù pa torí ìgbàgbọ́ wọn ní "ajẹ́rìíkú", ká máa pè wọ́n ní "akúfẹ́sìn", mo ka àlàyé yín dáadáa, ẹ ní ẹni tó bá gbọ́ "ajẹ́rìíkú" á rò pé ẹni tó ń jẹ́rìí sí ikú ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò gbà. Ta ló gbọ́ "àbíkú" tó rò pé ẹnì kan lọ bí ikú? Wọ́n bí i, ó kú ni. Èyí náà, ó jẹ́rìí, ó kú, ẹ̀rí yẹn gan-an ló sì pa á.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nídìí ẹ̀, martys, ẹlẹ́rìí ni, bíi ti kóòtù. Òun ló wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:8, níbi tí Jésù ti ní wọ́n á máa ṣe ẹlẹ́rìí òun, kò sí ikú nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ikú wọ inú ọ̀rọ̀ náà, torí pé iwájú adájọ́ ni wọ́n ti ń jẹ́rìí ọ̀hún. Pliny tó jẹ́ gómìnà Bithynia, lápá àríwá Tọ́kì òde òní, kọ̀wé sí Trajan ọba Róòmù ní nǹkan bí ọdún 112, ó ní òun máa ń bi àwọn tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì ni ẹ́, òun á tún un bi lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, òun á máa fi ikú halẹ̀ mọ́ wọn, ẹni tó bá ṣì ní bẹ́ẹ̀ ni, òun á ní kí wọ́n lọ pa á. Ẹni tó bá sẹ́, tó fi tùràrí àti wáìnì rúbọ síwájú ère ọba, tó sì bú Kristi, ó ń lọ ilé ẹ̀ nìyẹn.

Èyí tó máa ń dun èmi jù ni ti Perpetua, obìnrin Kìrìsìtẹ́nì tí wọ́n mú tí wọ́n sì pa, ní Carthage tó wà ní Tùnísíà òde òní, lọ́dún 203. Ọmọ bí ọdún 22 ni, ọmọ ọwọ́ ṣì wà lọ́mú ẹ̀. Bàbá ẹ̀ wá ń bẹ̀ ẹ́ kó sẹ́. Ó bá nawọ́ sí ìkòkò omi kan tó wà nílẹ̀, ó ní bàbá mi, ṣé a lè pe kiní yìí ní orúkọ míì yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́? Bàbá ní rárá. Ó ní èmi náà ò lè pe ara mi ní nǹkan míì, Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Irú ẹni yìí la wá fẹ́ yọ ẹ̀rí kúrò lórúkọ ẹ̀!

Ẹ tún wo ọdún 250. Decius ọba Róòmù pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú rúbọ, kí kálukú sì gbàwé pé òun ti rú u. Wọ́n rí irú ìwé yẹn nínú ilẹ̀ Íjíbítì, orúkọ èèyàn wà níbẹ̀, pé ó rúbọ, ó ta ọtí sílẹ̀, ó jẹ nínú ẹran ẹbọ. Kí la máa pe ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Ìwé ẹ̀rí ni. Àwọn kan gba ìwé ẹ̀rí, àwọn kan jẹ́rìí, èdè wa ti là á sílẹ̀ kedere.

"Akúfẹ́sìn" tiẹ̀ tún ní àléébù, "fún ẹ̀sìn" lẹ ní lọ́kàn àmọ́ "fẹ́ ẹ̀sìn" letí ń gbọ́, ẹni tó bá sì gbé idà lọ jagun ẹ̀sìn tó kú sójú ogun, akúfẹ́sìn lòun náà. Perpetua ò gbé idà.

Ibi tẹ́ ẹ ti gba máàkì lọ́wọ́ mi ni ti àwọn tó jẹ́rìí tí wọn ò kú. Ní Lyon tó wà ní ilẹ̀ Faransé òde òní, lọ́dún 177, àwọn tí wọ́n ti fìyà jẹ, tí wọ́n ti jù sí ẹranko tí wọ́n tún dá padà sẹ́wọ̀n, wọ́n máa ń bá ẹni tó bá pè wọ́n ní martys wí, wọ́n ní ti àwọn tó ti kú lorúkọ yẹn. Ẹnìkan dábàá "ajẹ́wọ́", àmọ́ ẹni tó bá jẹ́wọ́, bí olè tọ́wọ́ bà ló ṣe ń dún létí Yorùbá. "Ajẹ́rìíyè" lèmi mú wá, kó máa bá "ajẹ́rìíkú" rìn, bí kú àti yè ṣe ń bára wọn rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sẹ́nu wò fún wọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ.