Kọngílá ní kí n fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ data centre ti parí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé mo fi orúkọ bò, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ògiri ibi iṣẹ́ wa sì létí.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wa. Bí iná bá lọ lóru, èmi ni wọ́n ń pè. Bí AC yàrá server, àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú fáìlì ọ́fíìsì, bá ń jò, èmi ni mò ń gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, níbi ìkómọjáde ọmọ àbúrò ìyàwó mi, mo ṣì ń jẹ àmàlà lọ́wọ́ tí wọ́n fi pè mí pé owó oṣù ò lè jáde. Mo dìde fi ẹran mi sílẹ̀. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ní kí ni mo jẹ lọ́jọ́ náà.

Wàyí o, ìjọba ní àwọn fẹ́ sọ yàrá yẹn di data centre tó bóde mu, ìyẹn ilé tí wọ́n ń kó server àti dátà pamọ́ sí. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún kọngílá kan. Ọkùnrin yìí kì í kí èèyàn. Bó bá ti dé, ó di ọ̀dọ̀ ọ̀gá, bí ẹni pé èmi ni mò ń ṣọ́ géètì. Server tuntun mẹ́fà ló kó wá, mẹ́rin ṣì wà nínú páálí. AC méjì ló wà nínú ìwé, ọ̀kan ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀gá wa lára lọ́fíìsì rẹ̀. Bátìrì inverter tí wọ́n pè ní tuntun, ara ọ̀kan ti ń wú bí àkàrà inú epo. Wọ́n wá ní kí n fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n lè san owó tó kù fún un. Ọ̀gá ní bí n kò bá fọwọ́ sí i, ìjọba ìbílẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn odi ni wọ́n máa gbé mi lọ. Ìyàwó mi ní kí n fọwọ́ sí i kí ilé wa lè tòrò. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má fọwọ́ sí i o! Lọ́jọ́ ìbéèrè, ọ̀gá máa ní òun ò mọ nǹkan kan. Ọkọ mi fọwọ́ sí ìwé ẹrù kan ní 2011, tábìlì ogójì ni wọ́n kọ síbẹ̀, méjìdínlógún ló délé. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dá owó oṣù rẹ̀ dúró. Ẹ̀wà ni mo fi tọ́ àwọn ìbejì nígbà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ẹ má fọwọ́ sí i. AC tó wà lọ́fíìsì ọ̀gá nìkan ti tó.

Bọ̀dá Injinníà:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta. Bátìrì tó wú yẹn, ṣé lithium ni àbí olómi-kíkan? Backup yín, ẹ̀dà fáìlì tí ẹ fi pamọ́, níbo ló wà? Server àtijọ́ ńkọ́? Ẹ má fojú kéré bátìrì o. Ní September 26, 2025, bátìrì lithium gbiná nínú data centre ìjọba ní Daejeon, ní South Korea, níbi tí wọ́n ti ń ṣí wọn kúrò láti gbé wọn lọ síbòmíràn. Iṣẹ́ ìjọba tó lé ní 600 ló dúró. G-Drive tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó fáìlì sí jóná, 858 terabyte, wọn ò sì ní ẹ̀dà kankan níta.

Ìyá Ìbejì:
Korea tó ń ṣe Samsung?

Bọ̀dá Injinníà:
Àwọn náà ni, mà.

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Ẹ ṣé gan-an. Lithium ni. Ní ti AC, ẹ má rò pé n kò sọ̀rọ̀ o, mo sọ fún akọ̀wé ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ooru pa ọ̀gá ni.

Àǹtí Sáléwà:
Kí ló dé tí ẹ ò kó gbogbo rẹ̀ sórí cloud, kọ̀ǹpútà àwọn tó ń báni tọ́jú fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ yé gbé bákẹ́ẹ̀tì kiri?

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Cloud wo? Ní March 14, 2024, tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lápá Côte d'Ivoire, ṣé ẹ rí owó fi ránṣẹ́ ní báǹkì lọ́jọ́ náà?

Àǹtí Sáléwà:
Ta ló ní kí wọ́n gbé e sókè òkun? Galaxy Backbone, ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ti ìjọba àpapọ̀, wà ńlẹ̀ láti 2006, Nàìjíríà níbí ni data centre wọn wà. Ẹ máa ń fẹ́ ta ko ohun tí mo bá sọ ṣáá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú:
Ìpínlẹ̀ wo ló máa kó owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún Abuja tọ́jú? Ẹ sọ òṣèlú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí ná.

Bàbá Afẹ̀yìntì:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Èmi fẹ̀yìn tì ní 2016. Wọ́n ní déètì ìbí mi nínú kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí ti inú fáìlì, fáìlì náà ò sì sí mọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn sẹkitéríàtì yẹn pẹ̀lú orúnkún yìí. Nítorí náà, ìwọ tó béèrè, ọmọ yẹn bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta, bátìrì nìkan lo dáhùn. O ń sọ̀rọ̀ ẹran ìkómọ. Backup dà?

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Bàbá, ẹ má bínú. Backup wà nínú disk kejì lórí server àtijọ́. Alaalẹ́ ni mò ń ṣe é, ẹ bi ẹnikẹ́ni.

Bọ̀dá Injinníà:
Inú ẹ̀rọ kan náà lẹ̀dà náà wà? Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ náà dà?

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Windows Server 2008, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà lórí rẹ̀, láti January 14, 2020 ni Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Ohun gbogbo ti kọjá sórí àwọn tuntun méjì tó ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú àdéhùn pé kọngílá ló máa kó ẹrù àlòkù. Ó ti kó wọn lọ. Márùn-ún.

Ẹ má bú mi o. Mo ti fọwọ́ sí ìwé náà ní Friday. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an ni bí mo ṣe lè yọ ọwọ́ mi.

Ìyá Ìbejì:
Háà! Látàárọ̀ la ti ń pariwo má fọwọ́ sí i!

Bọ̀dá Injinníà:
Ẹ gbàgbé ọwọ́ ná. Ṣé wọ́n yọ disk inú wọn tàbí wọ́n pa ohun tó wà lórí disk rẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn?

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Rárá. Òjò ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, mọ́tò sì ti dúró níta.

Bọ̀dá Injinníà:
Orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì, BVN, àdírẹ́sì gbogbo òṣìṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ àjòjì yẹn. Òfin ààbò dátà 2023 ní bí irú èyí bá lè ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá, wákàtí 72 ni ọ́fíìsì yín ní láti fi sọ fún NDPC, àjọ tó ń mójú tó ààbò dátà, láti ìgbà tí ẹ bá ti mọ̀. Ẹ sì ti mọ̀ báyìí. Ẹ pe kọngílá nísinsìnyí, kó má tú nǹkan kan. Ẹ wá nọ́ńbà ara àwọn ẹ̀rọ náà nínú ìwé ẹrù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kí ẹ gba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Ẹ kọ ti bátìrì, ti páálí mẹ́rin àti ti AC sínú rẹ̀.

Àǹtí Sáléwà:
BVN tèmi wà níbẹ̀ o! Olùkọ́ ìpínlẹ̀ ni mí!

Ẹni tó fi orúkọ bò:
Mo ti pè é. Ó ní ó ku mẹ́ta ní ìsọ̀ òun, wọ́n ti ta méjì láàárọ̀ Sátidé. Kò rántí ẹni tó rà á. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà náà báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi déètì Thursday sí i?

Bàbá Afẹ̀yìntì:
Mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìbáwí fún ọdún mẹ́fà. Déètì la kọ́kọ́ máa ń wò.