Òróró àgbọn nínú ìkọ́kọrẹ́: ṣé ó sàn ju epo pupa lọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi, ẹni ọdún 64, ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. LDL wọn, kolẹ́sítírọ́ọ̀lù tó ń lẹ̀ mọ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 171. Dókítà kọ oògùn, ó ní kí wọ́n dín ọ̀rá kù. Ni màmá mi bá gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa pamọ́, wọ́n lọ ra òróró àgbọn, torí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ó ń fọ ọkàn. Ewùrà tí mo fọwọ́ ara mi rin! Ìkọ́kọrẹ́ wá funfun bí ẹ̀kọ, ó ń rùn bí ìpara. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló kú?" Wọn ò fẹnu kàn án. Ṣé epo pupa burú tó bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Hà! Màmá sá fún òjò, wọ́n kó sódò. Ọ̀rá tó máa ń dì ló ń gbé LDL sókè. Nínú epo pupa, ó tó nǹkan bí ìdajì. Nínú òróró àgbọn, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ! Ti òróró ẹ̀pà ò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ fi àgbọn yẹn para.

Ìyá Elépo: Mo ń ta epo l'Ójà Ìjẹ̀bú-Òde o, ẹ má ní mò ń gbèjà ọjà mi. Epo pupa ò ní kolẹ́sítírọ́ọ̀lù kankan. Inú ẹran ló wà.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Òótọ́ ni, Ìyá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ wa ló ń kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá dídì kì í sì í jẹ́ kó kó o dáadáa. Ṣíbí ìjẹun epo pupa kan ní nǹkan bíi gíráàmù 7 rẹ̀. Kó má ju bíi 22 lọ lójúmọ́ fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000. Ìgbà wo lẹ wọn èyí tẹ́ ẹ̀ ń dà síkòkò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n ọ́n ni. Ìgbakọ màmá mi méjì, ṣíbí 11, fún èèyàn méjì péré! Bàbá mi tún jẹ́wọ́ bọ́tà tí wọ́n ń fi sí búrẹ́dì láràárọ̀ (ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n o). Ṣíbí mẹ́rin la fi se tòní, mo fi ẹja ṣáwá púpọ̀ sí i. Wọ́n ní ó pupa díẹ̀ náà. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń wá èèpá ìdí ìkòkò.