Ímeèlì mi ń ṣe "timed out" látìgbà tí mo ti fi spam filter sí i

Atẹ̀wé_Ṣómólú: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe, Thunderbird, ètò tí wọ́n fi ń ka ímeèlì, ni mo fi ń gba iṣẹ́ àwọn kọ́sítọ́mà, POP3 ni, ìyẹn ọ̀nà tó ń fa lẹ́tà láti orí server (ẹ̀rọ tó ń tọ́jú lẹ́tà) wá sórí kọ̀ǹpútà. Spam, àwọn lẹ́tà ìjẹkújẹ tí èèyàn ò béèrè, pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n bá mi fi spam filter tó ń ṣẹ́ wọn sórí kọ̀ǹpútà, spam yẹn sì dínkù lóòótọ́, àmọ́ látìgbà náà tí fáìlì ńlá bá ti ń bọ̀, bíi PDF 18MB tàárọ̀ yìí, á kàn dúró sójú kan, message 3 of 7, títí á fi ní connection timed out, pé òun ti dúró dé ibi tí òun lè dúró dé. Tí mo bá tún tẹ Get Messages, àwọn méjì àkọ́kọ́ á tún padà wọlé, lẹ́tà kan ti di mẹ́rin ní inbox mi! Kọ́sítọ́mà ń pè mí lemọ́lemọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé network ni àbí filter yìí?

Táyé_wáyà: Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Config Editor nísàlẹ̀, ẹ tẹ mailnews.tcptimeout síbẹ̀, òun ló ń sọ bí Thunderbird ṣe máa dúró pẹ́ tó kó tó ní timed out. 100 sẹ́kọ́ǹdù ló máa ń wà, ẹ sọ ọ́ di 300.

ọmọ_sáfà: Ohun tí Táyé sọ máa ràn yín lọ́wọ́ o, àmọ́ ibi tí ìṣòro yẹn ti ń wá gan-an kọ́ nìyẹn. Filter yẹn ti jókòó sáàárín ẹ̀yin àti server, òun ló ń gba 18MB yẹn tán, á yẹ̀ ẹ́ wò tán, kó tó fún Thunderbird ní nǹkan kan, Thunderbird ní tiẹ̀ ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, ó rò pé láìnì ti já. Àwọn tó ń padà wá yẹn, POP3 kì í pa lẹ́tà rẹ́ lórí server àfi tí ẹ̀rọ yín bá sọ QUIT, ìyẹn tó bá dágbére fún server níparí, timeout ò sì jẹ́ kó débẹ̀. Ẹ wo inú filter yẹn bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń sọ ìwọ̀n tó máa yẹ̀ wò, ẹ fi í sí 500KB, spam tó tó 18MB ṣọ̀wọ́n gan-an. Ẹ tún wò ó bóyá antivirus yín náà ń yẹ ímeèlì wò, torí méjèèjì á máa dúró de ara wọn ni.

Atẹ̀wé_Ṣómólú: Ha, antivirus náà wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo ti pa ti ímeèlì inú ẹ̀, mo fi filter sí 500KB, gbogbo méjèèje ti wọlé, PDF yẹn ti wà lórí plate ìtẹ̀wé báyìí. Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.