Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè máa kà sí màmá mi létí bí wọ́n ṣe ń gba kẹmó, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń gbógun ti jẹjẹrẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì la wà. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá màmá mi jà, wọ́n sì ti ń gba kẹmó. Ọjọ́ méjì-mẹ́ta lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló máa ń le jù: inú á máa rìn wọ́n, òórùn iyán lásán á ti mú wọn bì. Bí mo bá ka Sáàmù 121 tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n á kàn mi orí ni, omi á lé ròrò sójú wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwọn tó ń wá kí wa tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó nígbàgbọ́ kì í gba abẹ́rẹ́, pé omi orí òkè ti tó. Mo gba àdúrà gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú Aísáyà 38, lẹ́yìn tí Ọlọ́run gbọ́ àdúrà Hesekáyà, wòlíì ṣì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé eéwo rẹ̀. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú ni? Màmá ti wá ń bi mí bóyá àwọn ló ṣẹ Ọlọ́run.

Ẹ̀yin tó ti tọ́jú èèyàn yín nínú àìsàn yìí, báwo lẹ ṣe ń dá irú àlejò bẹ́ẹ̀ lóhùn láìjà? Ẹsẹ Bíbélì wo ló ń gbé ẹni tí kò lókun àtigbàdúrà ró?