Mo fẹ́ máa gbowó oṣooṣù lórí áàpù àjọ mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọÀjàṣẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ áàpù kan fún àwọn alájọ ọjà Ouando níbí l'Ájàṣẹ́, ó ń bá wọn kọ ẹni tó dá, ẹni tí ò tíì dá, ẹni tó kàn láti kó. Iṣẹ́ alẹ́ ni o, mo níṣẹ́ tí mò ń ṣe lójúmọmọ. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lò ó látọdún tó kọjá, àpò mi sì ni mo fi ń san owó ibi tí àkọsílẹ̀ wọn wà, ó ti sú mi. Mo fẹ́ kí wọ́n máa san 500 sẹ́fà lóṣù. Kò sẹ́ni tó ní káàdì báǹkì nínú wọn, MoMo, owó orí fóònù, ni gbogbo wọn ń lò. Ṣé kí n kàn máa fi MoMo gbà á nínú áàpù? Mo fi ọ̀rọ̀ náà tọ́ màmá kan wò, ó ní ọmọ mi, ṣé káyé, ìwé tí mo fi ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, máa ń gbowó oṣù ni?

Kóòdù_Kétu
Háà, màmá yẹn pa mí lẹ́rìn-ín 😂
Àbúrò, tó bá jẹ́ Play Store lo gbé e sí, Google ò ní gbà. Ohun tó bá jẹ́ inú áàpù ni wọ́n ti ń lò ó, Google Play Billing, ọ̀nà ìsanwó Google fúnra ẹ̀, ni wọ́n ní kí owó ẹ̀ gbà kọjá, 15% sì ni wọ́n sọ owó tí wọ́n ń yọ nínú irú owó oṣooṣù bẹ́ẹ̀ dà lọ́dún 2022, ìyẹn 75 sẹ́fà nínú 500 rẹ. Ohun kan tún wà: tẹ́nì kan bá san, kóòdù rẹ gbọ́dọ̀ dá Google lóhùn pé o ti rí i láàárín ọjọ́ 3, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá owó padà fún onítọ̀hún. Mi ò mọ̀ nígbà tèmi, mo ti ń yọ̀ pé èèyàn mẹ́fà sanwó, ọjọ́ kẹrin gbogbo ẹ̀ ti padà, ẹ̀bi mi ni ṣá. Fi àdírẹ́sì íméèlì ara rẹ sí license tester, ìyẹn àwọn tí Google gbà kí wọ́n máa dán ìsanwó wò, kí o fi dánwò, oṣù kan níbẹ̀ ìṣẹ́jú 5 ni.

Ará_Sábẹ̀ẹ́
Ẹ̀gbọ́n Kétu ti sọ ọ́. Èmi ò ní fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe èyí tó ń yọ owó fúnra ẹ̀ o, àwọn èèyàn wa ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ra forfait (dátà) ni wọ́n fẹ́, tó bá tán wọ́n á ra òmíràn. Google ní irú ẹ̀, prepaid ni wọ́n ń pè é. Àbí kẹ́ ẹ ṣe sáìtì kékeré kan síta, kẹ́ ẹ fi KKiaPay tàbí FedaPay gba MoMo níbẹ̀, kí áàpù kàn jẹ́ kí ẹni tó ti san wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má kọ iye owó tàbí líǹkì sáìtì yẹn sínú áàpù rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí áàpù máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n san ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i. Lọ́nà Kílíbò níbí, réseau (nẹ́tíwọ́ọ̀kì) lè lọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ_alájọ
Ẹ má ti orúkọ àwọn èèyàn mọ́ wọn lójú nítorí 500 o! Àǹtí mi ń gba àjọ. Tó bá di ọjọ́ kíkó tí ìwé ẹ̀ ò ṣí, wọn ò ní sọ pé áàpù ni, wọ́n á ní ó ti kówó jẹ. Ẹ gbowó lórí ohun tuntun.

ỌmọÀjàṣẹ́
Ọmọ_alájọ, mi ò ronú débẹ̀ rárá, ẹ ṣé. Àjọ kan á wà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ń gba méjì sókè á san, màmá yẹn mẹ́rin ló ń gbà 😅 Prepaid ni màá kọ́kọ́ gbìyànjú, fóònù ìyàwó mi ni màá fi dán an wò lálẹ́ òní.