Kí ló ń pa ẹ̀rín inú ẹ̀fẹ̀ tó bá da orin pọ̀ mọ́ físíìsì?

Ìbéèrè láti ọwọ́ Aláwàdà:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Mò ń múra ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín kan sílẹ̀ fún àwọn akọrin àti àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọn yóò jọ jókòó sínú gbọ̀ngán kan náà, mo sì fẹ́ kí ẹ̀fẹ̀ náà ti inú orin, físíìsì àti ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ jáde. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá fi máa ṣàlàyé físíìsì rẹ̀ tán, ẹ̀rín ti gbẹ. Bí n kò bá sì ṣàlàyé, ìdajì àwùjọ kò ní mọ ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Afunfèrè:
Ẹ má ṣẹ̀dá ẹ̀fẹ̀ rárá. Ẹ wá ibi tí òótọ́ fúnra rẹ̀ ti pani lẹ́rìn-ín, kí ẹ sì rò ó láìrẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1842, Christian Doppler, onímọ̀ físíìsì ará Austria, sọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ìró ohun tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ wa yóò ròkè létí wa, bó bá sì ti kọjá, yóò lọ sílẹ̀. Ní 1845, Buys Ballot, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Netherlands, pinnu láti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ó kó àwọn afunfèrè sínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí wọ́n di ohùn kan ṣoṣo mú, ó sì to àwọn olórin mìíràn tí etí wọn mú ṣáṣá sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin kí wọ́n máa sọ bí ohùn náà ṣe ń yí. Ìjì yìnyín ló dí wọn lọ́wọ́ ní oṣù kejì. Oṣù kẹfà ni wọ́n tó rí i ṣe, tí ọ̀rọ̀ Doppler sì já sí òótọ́. Ẹ wá wo afunfèrè tó ti ń kọ́ láti kékeré bí ohùn kò ṣe ní yẹ̀, tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ kí ohùn rẹ̀ lè yẹ̀ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀! Ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ aláìsàn bá ti fi ariwo kọjá lára rẹ̀ rí yóò lóye rẹ̀ láìsí àlàyé.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ìgbì-Ìró:
Ìtàn náà dára, ṣùgbọ́n balùwẹ̀, níbi tí ohùn ẹni tó ń kọrin ti máa ń dùn létí ara rẹ̀, sún mọ́ni jù ú lọ. Táìlì kì í gba ìró mọ́ra, ńṣe ló ń dá a padà, tó fi jẹ́ pé ohùn tuntun ń gun orí èyí tí kò tíì parẹ́, àṣìṣe á sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Yàrá kékeré tún máa ń gbe àwọn ohùn kan lẹ́sẹ̀ ju òmíràn lọ. Níwọ̀n bí ìró ti ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́, ògiri méjì tó fi mítà kan àbọ̀ jìnnà síra yóò fẹ́ràn ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 114 ní ìṣẹ́jú àáyá, ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn àwọn ọkùnrin ti nípọn. Nítorí náà, balùwẹ̀ ló ń kọrin, ẹni tó ń wẹ̀ ló ń gbè é.

Aláwàdà:
Mo dúpẹ́ o. Ṣùgbọ́n àwọn olórin nìkan ni ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn onímọ̀ físíìsì ńkọ́?

Ìdáhùn láti ọwọ́ Ìgbì-Ìró:
Ẹ mú Richard Feynman, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 1965, tó sì ń lu ìlù bóńgò. Ó ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá pe òun wá lu ìlù, ẹni tó ń ṣe ìfinimọ̀ni kì í rántí sọ pé òun tún ń ṣe físíìsì.

Ìdáhùn láti ọwọ́ Atúnpianóṣe:
Ẹ̀fẹ̀ tó kan ẹgbẹ́ méjèèjì wà nínú pianó. Bí a bá fò láti dò dé sò, iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá ń di ìlọ́po kan àbọ̀ (3/2). Bí a bá fò láti dò dé dò òkè, ó ń di ìlọ́po méjì. Ìfò méjìlá ti àkọ́kọ́ yẹ kó bá ìfò méje ti èkejì pàdé lórí ohùn kan náà, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ fún wa ní ìlọ́po 129.746, èkejì sì jẹ́ ìlọ́po 128. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe, nítorí bó ti wù kí a fi 3 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó, kò ní di ohun tí 2 nìkan bí. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń pín àṣìṣe náà fún gbogbo ìfò méjèèjìlá lọ́gbọọgba, kí etí má baà rí ẹni kan pàtó mú. Oníbàárà ní kí a mú pianó òun tọ́. A fi ọgbọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì sanwó. Bí ẹ bá ń sọ èyí, ẹ má sáré dárúkọ iye tó ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ṣírò rẹ̀ fúnra wọn, àwọn ni yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn akọrin yóò sì máa bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò fi ní ṣe àlàyé kankan fúnra yín.