Àmì wo ló kọ́kọ́ fi yé yín pé íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń lò?

Aṣàkíyèsí:
Ẹ kú àsìkò yìí, gbogbo ilé. Ìrírí tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ ni mo ń béèrè, kì í ṣe èyí tí a gbọ́ lẹ́nu oníròyìn. Ìkànnì ẹgbẹ́ òǹkàwé kan ni mò ń bójú tó, mo sì máa ń wo irú ẹ̀rọ tí àwọn àlejò fi ń wọlé. Ìgbà kan wà tí àwọn tó ń ti orí fóònù wọlé kò ju ẹyọ-ẹyọ lọ. Òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pọ̀, nígbà tó yá ó di alaalẹ́, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà fi di ẹni tí à ń wá. Nígbà tí StatCounter, ilé-iṣẹ́ tó ń ka bí àwọn ènìyàn ṣe ń wọ ìkànnì, wá kéde pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, ìdá 51.3 nínú ọgọ́rùn-ún ojú-ewé tí àwọn ènìyàn ṣí káàkiri àgbáyé ló jẹ́ láti orí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo ti fojú ara mi rí ni wọ́n sọ. Kí ni ẹ̀yin rí?

Atúnfóònùṣe:
Ẹnu àwọn oníbàárà ni mo ti mọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gbé fóònù wá yóò ní òun kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀, tàbí pé nọ́ḿbà kan kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí, ẹlòmíràn lè wá tí fóònù rẹ̀ kò ti ṣeé fi pe ènìyàn tipẹ́, kò sì ní kà á sí. Ohun tó gbé e wá ni pé dátà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìyá àgbàlagbà kan gbé tirẹ̀ wá, dígí rẹ̀ ti sán láti igun kan dé ìkejì, ó sì ti lẹ téèpù tó mọ́ gaara mọ́ ọn kí ó má baà gé e lọ́wọ́. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní orí rẹ̀ ni àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ òun ti ń fi àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́. Ó jókòó tì mí títí mo fi pààrọ̀ dígí náà. Mo bi í bóyá ó ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ó ní òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, òun kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe.

Olùkọ́-Àgbà:
@Atúnfóònùṣe, ìtàn ìyá yìí wọ̀ mí lára. Àwọn àgbàlagbà tí kò láǹfààní àtilọ sílé ìwé nígbà èwe ni mò ń kọ́ ní ìwé kíkà. Ọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi tí kò tíì lè ka orúkọ ara rẹ̀ lójú pátákó, síbẹ̀ tí ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ó ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń to bíríkì, tí ó sì mọ ibi tí yóò tẹ̀ láti ra dátà. Àwọ̀ àti ipò ni ó fi mọ gbogbo àmì orí fóònù náà: èyí tó ní àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, pupa wà lókè rẹ̀. Àfi ìgbà tí àtúnṣe kan tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà fi ránṣẹ́ wọlé lóru, tí ó pa àwọ̀ wọn dà, tí ó sì tún gbogbo wọn tò. Ó gbé e wá bá mi, ojú rẹ̀ fà ro, bí ẹni tí wọ́n kó ilé rẹ̀ lọ. A pa ìwé tì lọ́jọ́ yẹn, a sì ń fà wọ́n padà sí àyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ẹni tí ń pinnu irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò rántí pé irú ọkùnrin yìí wà láyé.

Ọmọ-Bàbá:
Bàbá mi gan-an nìyẹn.

Afòyemọ̀:
Ìtàn yín dùn, n kò jiyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ya fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń fi fóònù ṣe kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nígbà tí M-Pesa, ètò fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní oṣù kẹta ọdún 2007, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán àti ohun tó wà nínú káàdì SIM ni àwọn ènìyàn fi ń fi owó ránṣẹ́, fóònù tó kéré jù lọ sì tó o ṣe. Ẹ̀wẹ̀, ITU, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé ní ọdún 2023, bílíọ̀nù 2.6 ènìyàn ni kò lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ayé. Ta wá ni "tọmọdé tàgbà" tó wà nínú àkọlé yìí?

Olùkọ́-Àgbà:
@Afòyemọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń gbé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Owó fóònù àti dátà ni kò ká, tàbí kí wọ́n má mọ̀ ọ́n kà, tàbí kí ẹnikẹ́ni má fi hàn wọ́n rí. Àwọn tí mò ń kọ́ nìyẹn, ẹ má fi nọ́ḿbà yẹn lé wọn sẹ́yìn.

Afòyemọ̀:
N kò lé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn, alàgbà. Èmi gan-an ló ní kí ẹ kà wọ́n mọ́ wa.

Ará-Ìṣáájú:
Ó jọ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé àná ni gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1999 ni NTT DoCoMo, ilé-iṣẹ́ fóònù kan, gbé i-mode, íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù tirẹ̀, jáde ní Japan, tí àwọn ènìyàn sì ń fi fóònù ka ìròyìn, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn, tí wọ́n sì ń sanwó. Ọdún yẹn kan náà ni fóònù Nokia 7110 dé pẹ̀lú WAP, ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣí ojú-ewé kéékèèké lórí fóònù ìgbà náà. Mo lò ó. Ìwọ yóò tẹ̀ ẹ́, yóò pè bí ẹni ń pe ènìyàn, ìwọ yóò dúró, lẹ́yìn náà ni ìlà ọ̀rọ̀ dúdú díẹ̀ yóò jáde láìsí àwòrán gidi kan. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka owó rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ mi máa ń yá láti pa á ju bí ó ṣe ń yá láti kà á lọ. Lójú tèmi, Opera Mini, ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì lórí fóònù, ló gbà wá: ẹ̀rọ ńlá kan níbòmíràn ni yóò kọ́kọ́ ṣí ojú-ewé náà, tí yóò fún un mọ́ra, kí ó tó wá fi èyí tó fúyẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù kékeré.

Ọ̀dọ́-Òní:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ forí jì mí, iPhone ọdún 2007 ló yí nǹkan padà. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn WAP.

Ará-Ìṣáájú:
iPhone àkọ́kọ́ yẹn kò ní 3G, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yá ju ti ìṣáájú lọ, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ 3G ti wà ní Japan láti ọdún 2001. Nígbà tí App Store, ibi tí wọ́n ti ń gba áàpù sórí iPhone, fi máa ṣí, ó ti di oṣù keje ọdún 2008.

Ọ̀dọ́-Òní:
Mo gbà, sà. Síbẹ̀, òun ló jẹ́ kí a lè ṣí ojú-ewé gidi lórí fóònù, bí ó ti rí lórí kọ̀ǹpútà gan-an, tí a sì ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú. Èyí ni àwọn tó ń ṣe ìkànnì rí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ padà. Facebook pàápàá, ìparí ọdún 2012 ni àwọn tó ń ti orí fóònù wọ ibẹ̀ lójúmọ́ tó kọ́kọ́ pọ̀ ju àwọn tó ń ti orí kọ̀ǹpútà wọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì-Òwúrọ̀:
Àmì tí èmi rí kò dùn mọ́ mi nínú, mo sì fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ kúrò lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lẹ àmì QR onígun dúdú-funfun kan mọ́ ògiri, pé kí aláìsàn fi fóònù ya á, kí ó sì kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó bá ṣí. Bàbá kan wọlé tí òun ti fóònù onínọ́ḿbà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó na fóònù náà sí ògiri bí ó ti rí i tí àwọn yòókù ń ṣe, ó dúró, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lọ jókòó. Wọ́n pe gbogbo àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò sí lórí àkọsílẹ̀ kankan. Ara mi kò lélẹ̀ títí di òní. Ìgbà tí àwọn aláṣẹ bá ti rò pé kò sí ẹni tí kò ní nǹkan kan, ìgbà náà ni nǹkan ọ̀hún ti di ti gbogbo ayé lójú wọn.

Ọmọ-Bàbá:
Kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó wá ṣe láti ìgbà yẹn? Ẹnì kan ṣoṣo pàápàá?

Nọ́ọ̀sì-Òwúrọ̀:
Kò sí. Ẹni tó máa ń béèrè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé lọ síbòmíràn nígbà tí fọ́ọ̀mù náà dé.

Afòyemọ̀:
Bàbá yìí ni mò ń sọ láti àárọ̀.

Akọ̀wé-Ìforúkọsílẹ̀:
Irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni èmi ń tọ́jú, níbòmíràn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀: kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni yan ọ̀kan kí ó pa èkejì tì. Ní ọ́fíìsì wa, ìwé ṣì wà lórí tábìlì, ẹni tó jókòó níbẹ̀ ni yóò sì fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kí orúkọ gbogbo ènìyàn lè tò sójú kan náà bí wọ́n ṣe dé. Ìnáwó rẹ̀ kò ju owó oṣù ẹnì kan lọ.

Ọ̀dọ́-Òní:
Àwọn tó ní fóònù ńlá pàápàá ń jìyà. Fọ́ọ̀mù tí mo kọ láìpẹ́ wúwo débi pé ó kú sí mi lọ́wọ́ ní ojú-ewé tó gbẹ̀yìn, gbogbo ohun tí mo kọ sì lọ.

Atúnfóònùṣe:
Wọ́n ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi, wọ́n á ní kí n tún fóònù ṣe. Fóònù kò ṣe nǹkan kan. Orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yá ni ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù ti dán an wò.

Akọ̀wé-Ìforúkọsílẹ̀:
@Atúnfóònùṣe, mo gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ àwọn àwòrán ńlá kúrò lójú-ewé tiwa, mo sì ṣe é kí ó máa pa ohun tí ènìyàn bá kọ mọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ẹ bá mi fi fóònù àtijọ́ kan dán an wò, mo ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀.

Atúnfóònùṣe:
Mo ti dán an wò lórí mẹ́ta tó wà lórí tábìlì mi. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kò sì sọnù nígbà tí mo pa dátà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ránṣẹ́ ṣì kéré jù fún àtàǹpàkò àgbàlagbà, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i.